Egbèje Lẹ́yìn Ẹgbẹ̀fà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Ẹni tó wá san án tán ńkọ́? Ṣé ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀nà là?

Ẹ jẹ́ ká wo onílé kan ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, tó bá báńkì ṣàdéhùn, tó ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parí. Kò pẹ́ ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò ṣí páànù ilé rẹ̀. Ó di dandan kó tún yá owó.

Ohun tí ayánilówó yóò kọ́kọ́ wò ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè, bíi CRC àti FirstCentral. Bí báńkì àkọ́kọ́ kò bá tíì fi tó wọn létí pé owó ti pé, ajigbèsè ni yóò ṣì jẹ́ nínú ìwé. Nítorí náà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé gbèsè tán, kí ẹ sì béèrè àkọsílẹ̀ yín. Òfin ọdún 2017 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ká sì ta ko àṣìṣe inú rẹ̀.

Kí àtúnṣe náà tó dé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sàn ju ẹ̀yáwó orí fóònù lọ: owó tí ẹ ti fi pamọ́ àti onídùúró yín ni wọn yóò wò. Ẹ má yá ju owó páànù àti ìṣó lọ. Síìlì àti ọ̀dà lè dúró de ìkórè. Láti ọdún 2020, báńkì tí a bá jẹ lówó lè tipasẹ̀ BVN yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì wa ní báńkì mìíràn.

Igi tí a bẹ́ dínà kì í dìde fúnra rẹ̀. Ẹni tó san gbèsè ló tún ń gbé e kúrò.