Ta Ni Yóò San Owó Omi Tí Ọkọ̀ Elépo Bàjẹ́?

Bí ọlọ́kadà kan tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù bá ṣubú ní Ọjà-Ọ̀dàn, tí epo náà sì ṣàn wọ inú kànga onílé kan, kò sí àgbà tí yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, kí ó tó ní kí ó tún kànga náà ṣe. Ẹ̀sìn Islam pẹ̀lú kò fara mọ́ ọn pé kí ẹnìkan máa jẹ èrè, kí ẹlòmíràn máa ru ìnira rẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni ó da epo sínú òkun ńkọ́?

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Torrey Canyon fọ́ ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1967 ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan ní 1969, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 1992. Láti 2003 ni ó ti de Nàìjíríà. Àdéhùn náà ní ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò san owó gbà-má-bínú, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi nítorí ogun àti irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i. Ọkọ̀ tí kò ju 5,000 tọ́ọ̀nù lọ kò ní san ju mílíọ̀nù 4.51 lọ, ní ìwọ̀n owó SDR ti Àjọ Owó Àgbáyé. Bí èyí kò bá tó, àpò àpapọ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ tí ń gba epo láti ojú omi ń dá owó sí yóò fi kún un, títí dé mílíọ̀nù 203.

Àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni ààlà yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Owó tí ó ní ìwọ̀n, tí ó sì dé ọwọ́ apẹja, sàn ju owó tabua tí kò kúrò nínú ìwé ìdájọ́. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ba omi jẹ́, ààlà kò bo onítọ̀hún. Ibòmíràn ni àbùkù gidi wà: ọkọ̀ tí ẹrù epo rẹ̀ ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ nìkan ni àdéhùn náà sọ ìnṣọ́ránsì di dandan fún.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2009, bájì Redfferm rì ní ẹ̀bá Tin Can Island ní Èkó, lẹ́yìn iṣẹ́ gbígba epo láti inú ọkọ̀ MT Concep. Ó di 2012, nígbà tí ọdún mẹ́ta tí òfin yọ̀ǹda fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, kí ìlú àti abúlé 102 tó béèrè mílíọ̀nù 26.25 dọ́là ní kóòtù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ta ni yóò fi ẹ̀rí hàn nípa iye ẹja tí ó pàdánù?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ará Ọjà-Ọ̀dàn. Odò Yewa ń ṣàn lọ bá omi Badagry, ẹja ibẹ̀ sì ń dé ọjà òkè. Nítorí náà, ó yẹ kí ìjọba sọ ìnṣọ́ránsì di dandan fún bájì kéékèèké pẹ̀lú, kí àwọn apẹja máa kọ iye ẹja tí wọ́n ń pa sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí àwọn ààfáà sì máa là wọ́n lọ́yẹ̀ pé ẹ̀tọ́ tí a kò tètè béèrè a máa bọ́. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òdodo fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Àmín.