Gbèsè Inú Kì í Ṣe Gbèsè Ọjà

Àwa tí a ń fi Yorùbá àti Faransé kọ̀wé kò gbọdọ̀ túmọ̀ «utang na loob» àwọn ará Filipínì sí «dette» lásán. Ní èdè Tagalog, «utang» ni gbèsè, «loob» sì ni inú. Gbèsè inú ni: oore tí a ṣe fún ni, tí inú ẹni kò jẹ́ kí a gbàgbé. Wọ́n a máa bú ẹni tí kò ní in ní «walang utang na loob»; bí a bá pe àwa náà ní aláìmoore, a mọ bí ó ti ń dun ni tó.

Ní àwọn ọdún 1960, Frank Lynch, àlùfáà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé kí àárín ènìyàn má bàa dàrú ni ó jẹ àwọn ará Filipínì lógún jù. Virgilio Enriquez, ọmọ ilẹ̀ náà, onímọ̀ nípa èrò-inú ẹ̀dá, kò gbà. Ó ní «kapwa» ni gbòǹgbò: ẹnìkejì tí èmi pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwa wà.

Àwọn kan ń sọ pé àṣà yìí ni ó bí ìwà ìbàjẹ́ níbẹ̀. Irọ́ ni! Olóṣèlú sanwó ìsìnkú, ó sanwó ilé ìwòsàn, nígbà púpọ̀ láti inú àpò ìlú, ó sì wá ń fi ìbò gba èlé. Ẹni tí ó sọ oore di òwò ni kí a dá lẹ́bi. Owó ará ìlú ni ó fi ṣe é. Kí ni tálákà wá jẹ ẹ́?