Ìpàtẹ ọjà àgbáyé l'Ékòó: Kí ni ará Ara àti Ẹdẹ lè bá bọ̀ níbẹ̀?

Bí oṣù Kọkànlá ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ ìpàtẹ ọjà àgbáyé ìlú Èkó ni yóò gba orí rédíò àti tẹlifíṣàn kan. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti onílé-iṣẹ́ Èkó, ìyẹn LCCI, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1888, ló ń ṣètò rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ló sì máa ń gbà. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Gbàgede Tafawa Balewa ni wọ́n ti ń ṣe é. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá náà, tẹlifíṣàn, fìríìjì, ẹ̀rọ sólà, ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìrànṣọ àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ iléeṣẹ́ yóò pọ̀ níbẹ̀ bí omi òjò.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti Ara, lẹ́bàá Ẹdẹ, títí dé Èkó kì í ṣe ìrìn kékeré, owó ọkọ̀ sì ti wọ́n. Ìbéèrè tó yẹ kí àgbẹ̀ tàbí ìyá onígàrí bi ara rẹ̀ kó tó gbéra ni pé: kí ni mo fẹ́ lọ wò, kí sì ni mo fẹ́ bá bọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ l'Ékòó, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì. Wọ́n kọ́ ọgbà ńlá kan sí ọ̀nà Badagry nítorí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Energoprojekt láti orílẹ̀-èdè Yugoslavia ìgbà náà ló sì kọ́ ọ. Èrò ìjọba nígbà náà ni pé kí àwọn ará òkè òkun wá wo ohun tí Nàìjíríà ń ṣe, kí àwa náà sì rí ẹ̀rọ tí a ó fi máa ṣe púpọ̀ sí i. Lónìí, ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò àti ẹrù òkè òkun ló gba ọgbà náà. Kò sì jìnnà sí ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́, níbi tí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn àti rédíò tó ń wọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń wá. Ibi tí a kọ́ láti fi iṣẹ́ ọwọ́ wa hàn ti di ibi tí a ti ń ra iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ má rò pé Èkó nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Òṣogbo tó wà nítòsí wa níbí, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ lọ́dún 1980, kí ó lè máa ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ irin náà wà níbẹ̀, Aládjà àti Àjàòkúta ni wọ́n sì ní kí irin tí yóò máa lò ti máa wá. Títí di òní, Àjàòkúta kò parí, nígbà tí ó sì yá, wọ́n ta ilé-iṣẹ́ irin Òṣogbo fún aládàáni. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí bá ti ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe pinnu rẹ̀, ará Ara tó ń wá ẹ̀rọ ìrẹ́gẹ̀ẹ́ kò ní ronú kan Èkó rárá.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó bá pàdé níbi ìpàtẹ ọjà ni owó gọbọi. Ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bí 460 sí 470 náírà ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju 1,500 náírà lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi dọ́là rà kò lè ṣàì wọ́n. Ẹ má sì gbà pé gbogbo ohun tí wọ́n bá tà níbi ìpàtẹ ló dínwó. Ẹ ti béèrè iye rẹ̀ ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn kí ẹ tó lọ, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ̀dínwó tí wọ́n kọ sára pátákó jẹ́ òótọ́.

Ohun kejì ni ìpolówó sólà. Kò yani lẹ́nu, nítorí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, jálá epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti ju 1,000 náírà lọ ní ọ̀pọ̀ ìlú nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 kan náà, owó iná àwọn tí wọ́n kà sí ìpele A, tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí fún, gòkè láti 68 sí 225 náírà fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ta ni kò ní fẹ́ gba iná lọ́wọ́ oòrùn?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá ta páńẹ́lì 300 wáàtì kan fún yín, oòrùn tó mú dáadáa lágbègbè wa kò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lọ lóòjọ́. Ìdá 300 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 1,200. Fáànù 60 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá yóò jẹ 600 níbẹ̀. Gílóòbù márùn-ún tó jẹ́ wáàtì mẹ́wàá mẹ́wàá, tí wọ́n tàn fún wákàtí márùn-ún, yóò jẹ 250. Èyí tó kù kò pọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì ṣòfò lójú wáyà àti nínú bátìrì. Bátìrì olómi 12 fóòtì tí wọ́n kọ 200 sí lára lè gba 2,400, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ òun kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ó tó tún gbá iná sí i.

Ẹ wá fi èyí wé ẹ̀rọ ìrẹ́gẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ tó ní agbára ẹṣin márùn-ún ń jẹ nǹkan bí 3,700 wáàtì. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan péré, ó ti jẹ iná tí páńẹ́lì yẹn pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ fún yín pé páńẹ́lì kan tàbí méjì yóò gbé ẹ̀rọ gàrí láti àárọ̀ dalẹ́, owó yín ló ń wá.

Ohun kẹta ni àlòkù, tí a mọ̀ sí tòkúnbọ̀. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe ní èbúté Èkó, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ alòmànàmáná tí wọ́n ti lò rí ló ń wọlé lọ́dọọdún ní 2015 àti 2016, láti Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti wá, tí ó kéré tán, 19 nínú ọgọ́rùn-ún kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Òjé àti àwọn oró mìíràn tó wà nínú wọn kì í pòórá. Ilẹ̀ tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ sí àti odò tí a ń pọn ni wọ́n máa ń bá lọ bí a bá dà wọ́n sí ààtàn.

Bí ẹ bá máa ra ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín. Ẹ béèrè ibi tí ẹ ó ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà, àti ẹni tí yóò tún un ṣe ní Ẹdẹ tàbí Òṣogbo. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá àmì MANCAP tí àjọ SON ń fún wọn wà níbẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tó ní àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù nìkan, nítorí ẹni tó pàtẹ fún ọjọ́ mẹ́wàá lè má sí níbẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà, ṣùgbọ́n ta ni ẹ ó dá a padà fún bí ẹ kò bá mọ ilé rẹ̀?

Ọ̀nà kan tún wà tí kò dé Èkó. Ní Ìdòfìàn, lẹ́bàá Ìlọrin, àjọ NCAM tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń ṣe ẹ̀rọ, tó sì ń yẹ tàwọn ẹlòmíràn wò. Ní Ẹdẹ fúnra rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti 1992. Bí ẹ bá sì wà l'Ékòó, àjọ FIIRO tó wà ní Òṣòdì ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gàrí tipẹ́. Ó yẹ ká kan ilẹ̀kùn wọn kí a tó gbé owó fún àjèjì.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Dípò kí ènìyàn ogún na owó ọkọ̀ lọ sí ibi ìpàtẹ, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yan ẹni méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ wò, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n gba iye owó wá sílé, kí gbogbo ẹgbẹ́ tó jókòó lé e lórí. Àwọn ọlọ́jà ńlá náà kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpàtẹ ọjà Guangzhou ní Ṣáínà, tó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1957 tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, wíwò àti dídúnàádúrà ni wọ́n ń bá lọ síbẹ̀, ọjà gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ti ìjọba, ohun tó yẹ ká máa bi wọ́n ní gbogbo oṣù Kọkànlá ni iye ẹ̀rọ tí Òṣogbo àti Ẹdẹ kó lọ síbi ìpàtẹ náà. Bí a bá ń lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́dọọdún tí a kò sì ní tiwa láti fi hàn, òǹwòran lásán ni a ó máa jẹ́, owó ìwòran náà kò sì kéré.