Ètò Iṣẹ́ Nínú Òwò

Àwa ti rí oníṣòwò tí ń ṣe làálàá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, síbẹ̀ tí kò rí èrè. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ètò iṣẹ́ rẹ̀ ni kò gún.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ Henry Ford ní Highland Park, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1913, nǹkan bí wákàtí 12 àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ń to ṣáásì ọkọ̀ kan. Ford mú kí ọkọ̀ máa tọ òṣìṣẹ́ wá, kí olúkúlùkù sì máa ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ó di ọdún 1914, ìṣẹ́jú 93 ti tó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà sú àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń fi í sílẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù kìíní ọdún 1914, ó kéde dọ́là 5 ní òòjọ́ fún àwọn tí ó yẹ.

Ìwọ tí ń ṣe búrẹ́dì, bí ààrò bá gbóná tí ìyẹ̀fun tí a pò kò tíì wú, igi ń jó lásán, owó alágbàṣe sì ń gorí ara wọn. Wá ibi tí iṣẹ́ gbé ń dúró, kí o tún ibẹ̀ ṣe ná. Má sì ṣe gbàgbé ẹni tí ń bá ọ ṣe é.