Ọ̀dà Ló Pa Á, Kì í Ṣe Ayùn Mi

Akọ̀pẹ ni bàbá bàbá mi. Bàbá mi ní tirẹ̀, agégẹdú ni. Inú igbó Ọ̀rẹ̀ ló ti fi ayùn tọ́ ọmọ méje. Èmi tí wọ́n rán lọ sílé ìwé kí n má baà ṣe iṣẹ́ igi, orí igi náà ni mo bára mi ní Ìlú Ọba láti ọdún 2004, tí mo so okùn mọ́dìí bí akọ̀pẹ, tí mo gbé ayùn dání bí agégẹdú. Bàbá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi papò dà. Bí mo bá ti pè é lórí fóònù, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ ni pé, “Ṣé dìgbà téèyàn bá lọ yunifásítì ló tó mọ igi í gùn ni?”

Oṣù Kejì ọdún 2023 ni mo gé èyí tó tóbi jù nínú gbogbo igi tí mo ti gé. Iwájú ilé màmá òyìnbó kan ló wà, ní ìgbèríko Surrey. Wellingtonia ni wọ́n ń pè é. Ó bá igi páìnì tan, kì í wọ́wé nígbà òtútù, ewé rẹ̀ sì tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ara alángbá. Mítà 38 ni gíga rẹ̀, bíi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjìlá. Mo fi téèpù yí i ká níbi tó bá àyà mi dọ́gba, ó lé ní mítà mẹ́fà. Èèpo rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó nípọn, ó sì rọ̀ débi pé èèyàn lè kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ má dùn ún. Ẹyẹ kékeré kan wà níbí tó máa ń gbẹ́ kòtò sínú èèpo náà, ibẹ̀ ni yóò fi ṣe yàrá lálẹ́ òtútù.

Àlejò ni igi yìí náà, bíi tèmi. Orí òkè Sierra Nevada ní Kalifóníà ni wọ́n ti mú irúgbìn rẹ̀ wá. Ọdún 1853 ló kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, ọdún tí Ọba Akítóyè wàjà l'Ékòó tí Dòsùnmú gorí ìtẹ́. Orúkọ ọ̀gágun Wellington, tó kú ní 1852, ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, gbogbo olówó ayé ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín síwájú ilé, bí olówó tòde òní ṣe ń gbé jíìpù síbi tí ará àdúgbò yóò ti rí i. Ní Kalifóníà, ní 1853 yìí kan náà, ọkùnrin márùn-ún gé ọ̀kan lulẹ̀ fún ọjọ́ 22. Kò sí ayùn tó gùn tó o, wọ́n kàn ń lu ihò sí i lára yíká ni títí tó fi wó. Nígbà tó yá, wọ́n sọ kùkùté rẹ̀ di ibi ijó. Ọjọ́ tí mo sọ ìtàn yìí fún bàbá mi, ohun tó bi mí ni pé, “Pákó mélòó ni wọ́n rí níbẹ̀?” Mo ní igi náà fúyẹ́, pé bó bá ti wó ló máa ń fọ́ yángá, pé òpó ọgbà ni wọ́n fi èyí tó pọ̀ nínú irú rẹ̀ ṣe. Ó pòṣé. Ọ̀ganwó àti ìrókò nìkan ló mọ̀ ní igi.

Ẹ má rò pé mo kàn gbé ayùn débẹ̀. Káńsù ti fi òfin dáàbò bo igi náà, ẹni tó bá gé e láìgbàṣẹ yóò fojú ba ilé ẹjọ́. Òṣìṣẹ́ wọn tó ń mójú tó igi ló wá yẹ̀ ẹ́ wò. Orí igi ti ń gbẹ, ewé rẹ̀ ti pọ́n. Nígbà tí a ṣí èèpo rẹ̀ nídìí, olú ti wà lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, funfun bí awọ inú ẹyin. Ẹ̀yà olú yìí ń jẹ gbòǹgbò. Bó bá ti jẹ ẹ́ tán, igi tó dúró gbọn-in lónìí lè ṣubú lulẹ̀ lọ́la láìsí ìkìlọ̀. Ilé màmá wà lápá kan, títì wà lápá kejì. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé fún wa. Oṣù Kejì la mú, kí ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìtẹ́.

Irin ṣóńṣó tí mo so mọ́ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà gùn ju èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀. Èèpo igi yìí nípọn tó fi jẹ́ pé irin kúkúrú kì í kan igi gan-an, ńṣe lèèpo á kàn ya mọ́ni lẹ́sẹ̀. Okùn oníwáyà tí mo fi yí igi ká, méjì ni mo so pọ̀ kó tó ká a. Igbà ni, kí n má tàn yín. Igbà bàbá bàbá mi náà ni, àfi pé ilé iṣẹ́ ló hun tèmi, òfin sì ní kí ẹni tó mọ tinú rẹ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Mò ń gé ẹ̀ka bí mo ṣe ń gòkè. Ó tó wákàtí mẹ́ta àbọ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Igi tí èèyàn mẹ́ta kò lè gbá mọ́ra nísàlẹ̀, lókè yẹn kò ju itan mi lọ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń fẹ́, igi ń fì, èmi náà ń fì. Mò ń wo ọkọ̀ lórí títì M25 lókèèrè bí èèrà.

Bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí kò tilẹ̀ tíì wó, tòkè náà la ó kọ́kọ́ gbé. Mo gé ẹnu sí i níwájú, mo wá ń gé e bọ̀ látẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀. A kì í gé e já. Ìwọ̀nba tí a bá fi sílẹ̀ láàárín ojú ayùn méjèèjì ni yóò mú un bí irin ṣe ń mú ilẹ̀kùn, tí yóò jẹ́ kó dojú kọ ibi tí a fẹ́. Ó dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó tẹríba. Ó lọ. Ìgbà tó ń lọ kọ́ lẹ̀rù ń bani, ẹ̀yìn tó bá lọ tán ni. Èyí tó ṣẹ́kù á ta padà, á máa jù ọ́ síwá jù ọ́ sẹ́yìn bí imọ̀ ọ̀pẹ tí igún ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kúrò lórí rẹ̀. Mo dì mọ́ ọn, mo dijú, mo pe orúkọ ìyá mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, okùn la fi ń sọ àwọn ìtì igi náà kalẹ̀. Ọmọkùnrin ará Poland kan ló wà nídìí okùn nílẹ̀. Bó bá dì í pa, igi á já jìgì, á sì gbọ̀n mí lókè. Bó bá tú u jù, òrùlé màmá lọ nìyẹn. Ọdún keje rèé tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, n kò tíì mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe ń mí. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe é. Nígbà tó ku bíi mítà méje, a gbé e ṣubú sórí koríko lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ mì, ife tíì màmá sì dún lórí àwo.

Màmá gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté. Mò ń ka òrùka inú igi náà fún un, mò ń fi pínnì gún un ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ó jẹ́ 151. Àwọn ti ìgbà èwe rẹ̀ fẹ̀ bí ìka ọmọdé. Ti ìgbà àgbà kò fẹ̀ tóyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n já gaara. Àmọ́ nígbà tó ku díẹ̀ kí n kan èèpo, wọ́n há mọ́ra lójijì bí ewé Bíbélì, mo ní láti fi ojú abẹ́rẹ́ yà wọ́n. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Mo bi màmá pé ọdún wo ni wọ́n da ọ̀dà síwájú ilé, nítorí ọ̀dà náà dé ìdí igi gan-an, wọ́n sì ti kó iyẹ̀pẹ̀ lé gbòǹgbò kí wọ́n tó dà á. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ọkọ òun ló fẹ́ àyè fún ọkọ̀ kejì, ìparí ọdún 2003 ni. Òrùka tó há mọ́ra bẹ̀rẹ̀ láti 2004. A wo ara wa, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Lóòótọ́, ọ̀dá ọdún 2022, nígbà tí ooru kọjá ìwọ̀n 40 Celsius níbí fún ìgbà àkọ́kọ́, dá kún un. Olú náà sì ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tó ti rẹ̀ sílẹ̀ ni àrùn méjèèjì bá. Gbòǹgbò ń mí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jìn sílẹ̀ bí a ti rò, òkè ilẹ̀ ló ń rìn sí, ó sì ń rìn kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Ẹ bo ilẹ̀ náà pa, ẹ ti bo imú igi. Káńsù tó fi òfin de ayùn mi, ìgbà tí ọ̀dà ti wà nílẹ̀ ni òfin tiwọn tó dé. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo fẹ́ fi ọgbọ́n òyìnbó yangàn fún yín.

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo bá wá. Ní ọdún 2015, àwa ọmọ ìlú tó wà lókè òkun dáwó jọ láti fi ìntálọ́ọ̀kì sí iwájú ààfin. Àádọ́ta pọ́n-ùn ni mo fi sílẹ̀, orúkọ mi wà lára pátákó. Ọ̀dán kan wà níbẹ̀ tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ayò, abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí eégún. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù náà mọ́ ìdí rẹ̀ gírígírí bí ẹni wé gèlè. Inú wa dùn, a ní ìlú ti là. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi fídíò ọjọ́ ìwúyè ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Gbogbo wọn ń wo olóyè tuntun, èmi ń wo orí ọ̀dán. Apá ìlà-oòrùn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, ojú ọ̀run ń hàn. Ẹnìkan ní ayé ló wà nídìí ẹ̀. Ìntálọ́ọ̀kì ló wà nídìí ẹ̀.

Ọ̀dán le ju igi Wellingtonia lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń bá a yí di ìsinsìnyí. Ẹ sì lọ wo ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti ilé epo káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kí ẹ ka iye igi àtijọ́ tí a ti fi kọ́ńkéré wé lọ́rùn, kí ẹ tún ka èyí tí wọ́n ń sun ìdọ̀tí sí nídìí. Bí wọ́n bá wá wó lu ọkọ̀ lásìkò ìjì, agégẹdú la ó ránṣẹ́ sí, yóò sì jọ pé òun ló pa wọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹrẹ̀ kò dára, eruku náà kò dára. Àwọn ìyá tó ń tajà níwájú ààfin ló jìyà ẹrẹ̀ náà, èmi kọ́. N kò ní ká hú gbogbo rẹ̀. Mo ní ká hú èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ka ọ̀dán, ká fi ewé gbígbẹ àti èérún pákó tẹ́ ibẹ̀, ká to bẹ́ǹṣì sí i. Ọlọ́pọ́n ayò kò bèèrè kọ́ńkéré lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo pe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, mo fi fọ́tò kùkùté náà ránṣẹ́ sí i, mo sì ṣàlàyé òrùka mọ́kàndínlógún fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó àwọn tó máa hú u?”

Mo ní èmi ni. Mo ní kó kọ àádọ́ta pọ́n-ùn mìíràn síbẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kọ orúkọ mi sí pátákó.