Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀: Ti Àtijọ́ Ni Ká Rà Ni, Tàbí Èyí Tó Sún Mọ́ Tuntun?

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ti gba ẹnu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan báyìí, àti ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ àti ní gáréèjì. Ọmọ ẹnì kan wọ poli, wọ́n ní kó mú láptọ́ọ̀pù wá. Òmíràn nínú wa fẹ́ kọ́ ìṣirò owó lẹ́yìn ṣíìfù. Àwọn awakọ̀ kan fẹ́ máa kọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde lórí ọkọ̀ wọn síbi tí òjò kò ní pa ìwé náà rẹ́. Ẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀yáwó nítorí láptọ́ọ̀pù ti wá pọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ alájẹṣẹ́kù wa ju ti fíríìjì lọ. Lórí gbogbo èyí ni oníṣòwò kan tún wá bá ẹ̀ka wa, ó ní òun yóò kó láptọ́ọ̀pù wá fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, kí ilé iṣẹ́ sì máa yọ owó náà lórí owó oṣù fún oṣù 12. Ó gbé fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ohun tó kọ síbẹ̀ nípa ẹ̀rọ náà kò ju "Core i5, UK used, neat" lọ. Iye tí wọn yóò máa yọ lóṣù wà níbẹ̀, àpapọ̀ owó kò sí.

Èrò tiwa ni pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ kọ́bọ̀ lórí owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́ fún ohun tí a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Kì í ṣe pé a kórìíra oníṣòwò náà, oúnjẹ òòjọ́ lòun náà ń wá. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà wo nínú wa ni yóò ra bọ́ọ̀sì nítorí pé ẹni tó ń tà á sọ pé Toyota ni, ó sì mọ́ tónítóní? Ẹ óò bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ óò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ óò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ẹ óò wo èéfín tó ń tú jáde nídìí rẹ̀. Ojú kan náà ni ká fi wo kọ̀ǹpútà.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù ni orúkọ "Core i5" àti "Core i7" yẹn. Orúkọ ẹ́ńjìnnì ni, kì í ṣe ọdún. Láti ọdún 2009 ni Intel ti ń ṣe Core i5, nítorí náà ẹni tó bá sọ pé Core i5 lòun ń tà láìsọ ìran rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé orúkọ náà ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí i5-5300U, 5 tó ṣíwájú nínú nọ́ńbà yẹn ń sọ fún yín pé ìran karùn-ún ni. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10210U jẹ́ ìran kẹwàá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé i7 gbọ́dọ̀ ju i5 lọ, wọn a sì fi owó lé owó nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ i7-4600U tó jáde ní 2013, ọwọ́ méjì péré ló fi ń ṣiṣẹ́, nígbà tí i5-8250U tó jáde ní 2017 ní ọwọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹrù lórí ìlà iṣẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyàtọ̀ ọwọ́ méjì sí ọwọ́ mẹ́rin fún yín.

Ìran kẹjọ yìí náà ni ààlà, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Windows 10 tí Microsoft gbé jáde ní 2015, wọ́n dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù October, 2025. Ìfàgùn díẹ̀ wà fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè kọ́lé lé lórí. Windows 11 tó jáde ní 2021 kò gba ẹ̀rọ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, àfi àwọn díẹ̀ tí kò tó nǹkan, ó sì tún ń bèèrè ohun ààbò kan nínú ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. A mọ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ wà ní Ikeja tí wọ́n mọ ọgbọ́n tí a fi ń ki Windows 11 bọ inú ẹ̀rọ àtijọ́. Ó máa ń ṣiṣẹ́, a kò sọ pé kì í ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe yóò máa dé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́ dà bí ilé tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tí yóò máa fi wo owó rẹ̀ ní báńkì lórí rẹ̀, kó rò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni a fẹ́ ṣe o, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, nítorí owó ọjà ń yí bí ojú ọjọ́. Ká ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan jẹ́ 120,000 náírà. Bátìrì rẹ̀ ti kú, ẹ fi 25,000 ra òmíràn; ibi ìkóǹkanpamọ́ rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ tún fi 25,000 pààrọ̀ rẹ̀. Ó di 170,000. Bí ó bá sìn yín fún ọdún 2, 85,000 ni ọdún kọ̀ọ̀kan ná yín. Ká wá ní èyí tó sún mọ́ tuntun jẹ́ 280,000, tó sì sìn yín fún ọdún 4: 70,000 lọ́dún. Èyí tó wọ́n lọ́jọ́ ìrajà ló wá pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí kò ní ju 120,000 lọ́wọ́ kò lè fi ìṣirò ra ọjà. Bí tálákà ṣe ń náwó ju olówó lọ lórí nǹkan kan náà nìyẹn, lójoojúmọ́, lórí bàtà, lórí táyà, lórí ìkòkò. Nítorí ìyẹn gan-an ni àwọn tó ṣáájú wa ṣe dá alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Bí àlàfo 160,000 yẹn bá jẹ́ ohun tí ẹgbẹ́ lè yá ènìyàn ní èlé díẹ̀, kí ló dé tí a óò fi lọ tọrùn bọ fọ́ọ̀mù aláìlápapọ̀?

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé ti àtijọ́ le ju ti ìsinsìnyí lọ. Òtítọ́ wà níbẹ̀, a kò ní í bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó dára, bíi ThinkPad, Latitude àti EliteBook, ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ rà wọ́n fún òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n lò ó bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe wọ́n fún, kì í ṣe àfihàn. Ẹ lè ṣí ìdí rẹ̀, ẹ lè fi RAM kún un, ẹ sì lè rí pààtì rẹ̀ rà ní Otigba. Nínú àwọn tuntun tó fẹ́lẹ́ bí àkàrà, wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó rẹ̀. ThinkPad X1 Carbon jẹ́ bẹ́ẹ̀, iye tó bá bá a wá náà ni yóò bá a lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra irú èyí, 8 GB ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, 16 bí agbára bá ká a.

Ohun tí àwa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni kó sá fún tòkunbọ̀ nítorí ìtìjú, kó wá lọ kó sí ọwọ́ "tear rubber" olówó pọ́ọ́kú. Tuntun ni lóòótọ́, inú páálí ló ti jáde. Ṣùgbọ́n Celeron ló wà nínú rẹ̀, RAM 4 GB tí a jó mọ́ ọn, àti àyè ìkóǹkanpamọ́ 64 GB tí Windows fúnra rẹ̀ yóò jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ọmọ tó kọ lẹ́tà kan. Kí ọdún tó yípo, ọmọ yẹn yóò máa jókòó wo ohun tó ń yí lójú ẹ̀rọ bí ẹni ń wo iná pupa ní oríta. Tòkunbọ̀ ìran kẹjọ tó ti ọ́fíìsì wá sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ju kíkọ lẹ́tà, kíka ìwé àti ṣíṣe ìṣirò lọ, ẹ̀rọ ìran kẹrin tàbí ìkarùn-ún lè tó o, bí wọ́n bá fi SSD sí i, tí wọ́n sì fi Linux rọ́pò Windows. Ọ̀fẹ́ ni Linux, ó ń gba àtúnṣe, ó sì ní LibreOffice tó ń ṣe iṣẹ́ tí Word àti Excel ń ṣe. Kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú ìwé orúkọ ẹ̀ka, fún àpẹẹrẹ, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Ó sì ń kọ àmì ohùn Yorùbá dáadáa, èyí tó máa ń ba àwa tí a ń ṣe ojú ìwé yìí lọ́kàn jẹ́ tí kò bá sí.) Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ti sọ orúkọ ètò tí yóò lò ní ilé ìwé fún, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Púpọ̀ nínú ti àwọn ayàwòrán ilé àti onímọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, ẹ má wo ara dídán. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ bèèrè bóyá SSD ló wà nínú rẹ̀ tàbí àwo tó ń yí. Àwo yẹn ń yí bí 5,400 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, orí kékeré kan sì ń fò lókè rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú dánfó, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ọkọ̀ ṣe ń já sí kòtò, ń pè é níjà ni. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú. Òun ni àtúnṣe kan ṣoṣo tó lè mú kí ẹ̀rọ àtijọ́ dà bí ọmọdé.

Bátìrì ni ìkejì. Ẹ ní kí wọ́n tẹ powercfg /batteryreport sí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt, ẹ̀rọ náà yóò kọ ìwé jáde. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà níwájú FULL CHARGE CAPACITY wé ti DESIGN CAPACITY. Bí èkíní kò bá tó ìdajì èkejì, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Pẹ̀lú iná mànàmáná tiwa yìí, bátìrì kì í ṣe ọ̀ṣọ́: láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú yóò kú pẹ̀lú iná náà, iṣẹ́ tí ẹ kò tíì fi pamọ́ yóò sì bá a lọ. Ẹ wo ṣájà rẹ̀ pẹ̀lú, ayédèrú ti jó ẹ̀rọ rere.

Ìkẹta ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í rántí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì níwájú yín, kí wọ́n sì tún Windows fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ lè ti fi orúkọ rẹ̀ tì í láti òkèèrè. Bí ó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò bèèrè ọ̀rọ̀ ìṣínà òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ yẹn, owó yín sì ti wọlé. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá fi ẹ̀sùn olè kan ọmọ yín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a kò fẹ́ kí ó kọjá wa. Ẹ̀rọ tí ó ti darúgbó kọjá ìlò tí a bá rà, ọ̀dọ̀ wa ni yóò kú sí. Àwọn tó ti dàgbà nínú yín rántí Koko ní 1988, nígbà tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí wa lẹ́sẹ̀ ilé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ṣe òfin lórí rẹ̀, wọ́n sì tún ṣe ìlànà lórí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ní 2011. Síbẹ̀ àwọn ọmọkùnrin kan ń jó wáyà lórí àkìtàn láti rí bàbà inú rẹ̀ tà, wọ́n sì ń fa èéfín rẹ̀ símú. Òṣìṣẹ́ làwọn náà, bí wọn kò tilẹ̀ ní ẹgbẹ́.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka yóò gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé gbogboogbò, ohun tí a ó sì dámọ̀ràn nìyí. Kí a dá fọ́ọ̀mù oníṣòwò náà padà fún un, kó kọ ìran ẹ̀rọ, iye RAM, irú ibi ìkóǹkanpamọ́, àpapọ̀ owó àti iye oṣù tí yóò fi dúró fún ẹ̀rọ náà bí ó bá bàjẹ́. Kí alájẹṣẹ́kù ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó láptọ́ọ̀pù, fún ẹ̀rọ ìran kẹjọ sókè nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ ti àtijọ́ fún Linux, kó fi owó ara rẹ̀ rà á. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa méjì ní ẹ̀ka àtúnṣe iná ti gbà láti máa bá ènìyàn yẹ ẹ̀rọ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti rí ọjà tó wù ú, kó má tíì sanwó. Kó kọ nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7 yẹn sílẹ̀, kó sì mú un tọ akọ̀wé wá kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.