Ìwádìí tó bá orúnkún wa mu

Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí àwọn ohun ìjà bú gbàù ní bárékè Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sá àsálà ló bá omi kánààlì Òkè-Afá ní Ìsọlọ̀, Èkó, lọ. Ibi ìrántí wọn wà níbẹ̀ títí dòní, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ tó sì yè, báwo ló ṣe ń gun àtẹ̀gùn Jakande Estate lẹ́yìn ogún ọdún? Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ńkọ́, ṣé ó lè wọ dánfó padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Ìbéèrè báyìí kọjá ohun tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dáhùn ní kílíníìkì. Ẹni tó máa tọpa wọn fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin ló ń gboyè ọ̀mọ̀wé nínú físíótẹ́rápì, èrò mi sì ni pé ó yẹ ká ràn án lọ́wọ́ láti ṣe é nílé níbí.

Àwọn kan á ní ọwọ́ tó ń wo aláìsàn la nílò, kì í ṣe ìwé. Òótọ́ ni pé àwọn oníṣègùn físíò kò tó. Àmọ́ ohun tí wọ́n bá kọ́ ọwọ́ ló ń ṣe. Bí ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìrora orúnkún bá jẹ́ ti ìlú òyìnbó, kò ní béèrè bóyá ìyá kan lè kúnlẹ̀ kí àgbà, tàbí kó lóṣòó fọ aṣọ. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí oyè físíò ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1966, fi ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n pè ní IKHOAM fún orúnkún àti ìbàdí, tí wọ́n gbé e ka ìgbé ayé ọmọ Nàìjíríà. Níbẹ̀ náà ni àwọn olùwádìí Odole àti Ojo ti fi fóònù tọ́ àwọn olórúnkún dídùn sọ́nà nílé, tí ìrora wọn sì dínkù bíi ti àwọn tó ń wá sí kílíníìkì. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tó gbọ́dọ̀ la súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Òṣòdì kọjá láti Òkè-Afá kó tó dé ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì.

Àtakò tó le jù ni pé àwọn olùwádìí á gboyè tán, wọ́n á já pa. Mi ò ní jiyàn: ẹni tó bá lọ gbé ìmọ̀ tí ì bá fi kọ́ ọ̀dọ́ lọ. Síbẹ̀, ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ nìkan náà ń lọ, gbogbo ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń bá a lọ. Òṣùwọ̀n tí wọ́n bá dán wò lára aláìsàn Ìsọlọ̀ kò ní wọ bàálù. Kílíníìkì á máa lò ó nìṣó. Ohun tó ń lé àwọn olùwádìí lọ ni pé àpò ara wọn ni wọ́n fi ń san owó ìwádìí, lẹ́yìn iṣẹ́ ojúmọ́. Kí ilé ìwòsàn ìjọba fún wọn ní ìsinmi ẹ̀kọ́ pẹ̀lú owó oṣù, kí àkọlé ìwádìí sì ti ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn tó ń dúró lórí bẹ́ǹṣì wá.